Ohùn Tí Wọn Kò Dárúkọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkó Àwo Orin Ijó Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ Jọ àti Gbígbádùn Wọn

Nígbà tí mo fi àkọlé ọ̀rọ̀ mi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tí ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀kan nínú wọn pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣi ìwé fi ránṣẹ́?" N kò bá a wí. Ìjálá, ẹkún ìyàwó àti ewì àpilẹ̀kọ ni àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Kí ni ó wá pa èmi pọ̀ mọ́ orin ijó àwọn Gẹ̀ẹ́sì, orin tí wọ́n ń kọ nínú hòtẹ́ẹ̀lì olówó ní Lọ́ńdọ̀nù láàrin Ogun Àgbáyé Kìíní àti Ìkejì? Ìbéèrè náà tọ́, n óò sì gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn àwo kan tí mo fọ́.

Bàbá mi àgbà, bàbá tí ó bí ìyá mi, ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Ibẹ̀ ni ó ti fi owó oṣù rẹ̀ ra giramafóònù kan, irú èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, tí ó sì ń ra àwo orin díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí èmi fi gbọ́njú, inú àpótí pákó méjì ni àwọn àwo náà wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àpótí kan jẹ́ ti orin Gẹ̀ẹ́sì, èkejì jẹ́ ti orin Yorùbá. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá á dé fìlà bí ẹni tí ń lọ sí òde, á yí ẹ̀rọ rẹ̀, á gbé àwo lé e, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwo kan wà tí ó máa ń fi kásẹ̀ eré nílẹ̀. Àwa ọmọdé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé bí orin náà bá ti parí, orí ẹní ni ó kàn. "Orin ẹ-lọ-sùn" ni a sọ ọ́.

Ní ọdún 1979, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá lọ sí ìpàdé ìjọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo sì fa àpótí jáde. Mo yọ orin ẹ-lọ-sùn, mo gbé e lé orí ibùsùn, mo wá yíjú láti wá abẹ́rẹ́. Nígbà tí n óò jókòó, orí rẹ̀ ni mo jókòó lé. Irú àwo bẹ́ẹ̀ kì í tẹ̀. Ṣe ni ó máa ń fọ́ bí ìkòkò. Nígbà tí bàbá wọlé, ó wo àfọ́kù náà, ó wò mí, ó ní, "Ṣé kò gé ọ lára?" Mo ní, "Rárá, Bàbá." Kò sọ ohun mìíràn. Ó ṣa àfọ́kù tí bébà àárín àwo wà lára rẹ̀, ó fi aṣọ ìnujú wé e, ó tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, ó tẹ àwọn àwo yòókù, ó sì dìde láìsí orin ẹ-lọ-sùn. Ọdún 1984 ni bàbá papò dà. Ìyá mi ni ó fún mi ní àfọ́kù náà, òun sì nìyí lórí tábìlì yìí. Bébà rẹ̀ ti ya níbi kan, àwọ̀ àlùkò rẹ̀ sì ti ṣá, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè rí ajá tí ó ń tẹ́tí sí ẹnu giramafóònù. Ẹ lè ka Goodnight, Sweetheart. Ẹ lè ka orúkọ àwọn eléré náà, New Mayfair Dance Orchestra, àti gbólóhùn kékeré kan tí ó sọ fún wa pé ènìyàn kan kọrin níbẹ̀. Kò sọ ẹni tí ó jẹ́.

Ní ọdún 1995 mo lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé. N kò tíì lo oṣù kan níbẹ̀ tí mo fi wá hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní May Fair lọ, mo dúró ní iwájú rẹ̀ nínú òtútù, mo ń wò ó bí ẹni tí ó dé ojúbọ. Mo ní ibí ni wọ́n ti kọ orin bàbá mi. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn èyí, mo rí àwo náà gan-an ní ọjà àlòkù kan, mo sì fi pọ́n-ùn kan rà á. N kò ní ẹ̀rọ tí ó lè lò ó. Àgbàlagbà kan tí ilé rẹ̀ kángun sí ilé tí mo gbé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó ní giramafóònù. Ó gbé àwo náà lé e. Kò tíì gbọ́ ju ìlà orin méjì lọ tí ó fi ní, "Bowlly nìyẹn." Mo wá sọ fún un bí mo ṣe lọ wo hòtẹ́ẹ̀lì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ eléré kan wà ní hòtẹ́ẹ̀lì May Fair láti ọdún 1927, ẹgbẹ́ Ambrose ni, ó sì wà lára àwọn tí ó dára jù lọ ní ìgbà náà. Ṣùgbọ́n New Mayfair Dance Orchestra kò bá hòtẹ́ẹ̀lì náà tan rárá. Kò sí ibi tí ènìyàn ti lè jó sí orin wọn ní ojúkojú. Àwọn eléré tí ilé-iṣẹ́ HMV ń pè jọ láti inú oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọn a wá sí iyàrá ìgbohùnsílẹ̀ ní ọ̀sán, wọn a padà sí hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní alẹ́. Ray Noble, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí ní Brighton ní ọdún 1903, ni ó ń darí wọn láti ọdún 1929. Mo ti lọ kí ilé ẹni tí kò sí láyé rí. Àwa tí a ń kọ́ ni ní lítíréṣọ̀ ń kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n má ṣe ka ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ewì sí akéwì fúnra rẹ̀. Ẹ wo èmi olùkọ́ níwájú hòtẹ́ẹ̀lì!

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí orin yìí ti wá, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Láti Amẹ́ríkà ni ìlù rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, láti ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Original Dixieland Jazz Band gbé jáàsì dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1919. Ní ọdún 1923 ni wọ́n dá Savoy Orpheans sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì Savoy, BBC tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1922 sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin láti ibẹ̀ sí etí àwọn tí ó wà nílé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Jack Hylton ń gbé ẹgbẹ́ tirẹ̀ káàkiri Yúróòpù. Roy Fox ṣí eré ní ilé oúnjẹ Monseigneur ní 1931, Lew Stone gba ipò rẹ̀ níbẹ̀. Henry Hall di olórí àwọn eléré ijó BBC ní 1932. Àwọn tí ó lè wọ irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ní ọdún 1932, iye àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè wọlé lè ra àwo. Láti ọdún 1931, wọ́n ń ta àwo kékeré kan tí ń jẹ́ Eclipse ní ilé ìtajà Woolworths ní sísì péré. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì mi sọ fún mi pé irú èyí ni òun kọ́kọ́ rà, òun àti ẹ̀gbọ́n òun ló dáwó rẹ̀.

Mo fẹ́ kí a wo àwo náà gẹ́gẹ́ bí nǹkan, nítorí àwa oníwèé máa ń gbàgbé pé nǹkan ni ohùn ń gbé inú rẹ̀. Àwọn kòkòrò kéékèèké kan wà ní ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n ń tú oje sára ẹ̀ka igi. Wọn a ha oje náà, wọn a yọ́ ọ, wọn a pò ó mọ́ lúbúlúbú òkúta àti àwọn nǹkan mìíràn, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ di àwo. Lúbúlúbú òkúta yìí ni ó fà á tí ó fi ń pariwo. Àwo náà ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ojú kan rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Abẹ́rẹ́ irin ni a fi ń lò ó, ojú àwo kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ kan sì wà fún. Ẹni tí ó bá tún un lò ń fi owó abẹ́rẹ́ pamọ́, ó ń ba àwo jẹ́ ni. Bàbá mi àgbà mọ èyí. Mo rántí agolo kékeré tí ó ń kó àwọn abẹ́rẹ́ tí ó ti lò sí.

Kí ó tó di ọdún 1925, inú ìwo ńlá kan ni akọrin ń ké sí, bí kò bá sì ní ohùn bí ti agogo ìjọ, ìwo kò ní gbọ́ ọ. Ní ọdún náà ni makirofóònù oníná dé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ènìyàn lè kọrin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí ń bá ẹnìkan ṣoṣo sọ̀rọ̀ lórí tábìlì, kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì gbọ́ ọ. Àwọn àgbà kan ní ìgbà náà ka irú orin bẹ́ẹ̀ sí ìwà ọ̀lẹ. Èmi gbà pé irú ẹwà tuntun kan ni ó wọ inú ayé ní ọjọ́ yẹn.

Bí ẹ bá gbé àwo bàbá mi lé ẹ̀rọ, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ ni ariwo abẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń yan ẹ̀pà nínú iyanrìn gbígbóná. Àwọn eléré á wá bọ́ sí i. Wọn a kọ́kọ́ fi ohun èlò nìkan gbé orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí ohùn ènìyàn kankan, sakisofóònù mẹ́ta á máa mí pọ̀ bí ẹni kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé kò sí akọrin rárá. Nígbà tí àwo ti ń lọ sí ìdajì, ohùn ènìyàn á dé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ń kọ orin náà, á sì yà sẹ́yìn, àwọn eléré a gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọn a sì gbé e lọ sí ìparí. Ìṣẹ́jú kan tàbí díẹ̀ sí i ni gbogbo ìpín akọrin. Ijó ni wọ́n ń ta, akọrin dà bí iyọ̀ inú ọbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé iyọ̀ ni òun jẹ.

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ olóhùn iyọ̀ nínú àwọn àwo yìí, ṣùgbọ́n Al Bowlly yàtọ̀. Kì í sáré tẹ̀ lé ìlù. Á jẹ́ kí ìlù kọjá díẹ̀, kí ó tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, bí àgbà tí ó mọ̀ pé wọn yóò dúró de òun. Mo tún ní ìdí kan tí ó jẹ́ ti Yorùbá tí mo fi fẹ́ràn orin tí Noble kọ tí Bowlly gbé sáfẹ́fẹ́. Èdè olóhùn ni àwa ń sọ. Gbogbo ẹni tí ó bá dàgbà nínú ìjọ ní ilẹ̀ wa mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ohùn orin òyìnbó bá tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́lẹ̀, tí ẹni tí ń yin Ọlọ́run á dédé máa sọ nǹkan mìíràn. Èyí ti sọ etí wa di etí tí ń ṣọ́ra. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè olóhùn, ṣùgbọ́n ó ní bí ó ti ń lọ sókè tí ó ń lọ sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tí ń sọ ọ́. Nínú Love Is the Sweetest Thing ti ọdún 1932, àti The Very Thought of You ti 1934, Noble ni ó kọ ọ̀rọ̀, òun náà ni ó kọ ohùn, kò sì sí ibi tí èkíní ti ń fi ipá mú èkejì. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ni. N kò tíì rí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì kankan ti kọ èyí sílẹ̀ nípa rẹ̀. Bóyá kò hàn sí wọn nítorí pé kò sí ohun tí ó ń gún wọn létí.

Ta wá ni Bowlly? Nígbà tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì mi sọ ìtàn rẹ̀ fún mi, èmi náà ni ó kàn láti rẹ́rìn-ín. Ohùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń rántí ìgbà èwe wọn, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti bí i. Lourenço Marques ni, ìlú tí à ń pè ní Maputo lónìí. Gíríìkì ni bàbá rẹ̀, ará Lẹ́bánónì ni ìyá rẹ̀. Johannesburg ni ó dàgbà sí, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni ó ń ṣe níbẹ̀ kí ó tó tẹ̀ lé àwọn eléré kiri dé Íńdíà àti Jámánì. Ọdún 1928 ni ó dé Lọ́ńdọ̀nù. Orin tí ó kọ sínú àwo láàrin ọdún 1930 sí 1934 pọ̀ jọjọ, nínú ẹgbẹ́ Noble, nínú ti Fox, nínú ti Stone, àti fún àwọn ilé-iṣẹ́ àwo olówó pọ́ọ́kú. Síbẹ̀, lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwo náà kò sí orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí lórí àfọ́kù tí ó wà níwájú yín yìí. Olórí eléré ni ó ni orúkọ.

Àwọn olórí eléré pàápàá kò dá orúkọ wọn ní. Àwọn Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọjà ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ń wò. Ẹgbẹ́ kan náà lè jẹ́ orúkọ kan lórí àwo olówó ńlá, kí ó jẹ́ òmíràn lórí àwo sísì. Jay Wilbur, tí ó darí ìgbohùnsílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ní orúkọ àdàpè tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè rò pé ìlú kan gbáko ni ó ń darí.

Báwo ni a ṣe wá mọ ẹni tí ó kọ ohun tí ó kọ? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí lára jù nìyí. Kì í ṣe yunifásítì kankan ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn olùkójọ ni. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì mi mú mi lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ kan níbi tí wọ́n ti ń pàdé lóṣooṣù: a rí òǹtẹ̀wé níbẹ̀, a rí akọ̀wé ìfìwéránṣẹ́, a rí obìnrin kan tí ó ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí. Olúkúlùkù a mú àwo méjì tàbí mẹ́ta wá, wọn a gbọ́ ọ, wọn a jiyàn. Wọ́n kọ́ mi láti gbé àwo síbi ìmọ́lẹ̀ kí n wo ààyè dídán tí ó wà láàrin ibi tí orin parí sí àti bébà àárín. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìgbohùnsílẹ̀ náà, tí ó yàtọ̀ sí nọ́ńbà ọjà. Lórí ọ̀pọ̀ àwo, wọ́n tún fi nọ́ńbà kékeré tẹ̀ lé e, 1 tàbí 2 tàbí 3. Èyí ń sọ fún wa èwo nínú àwọn ìgbà tí wọ́n kọ orin náà ni èyí tí wọ́n tẹ̀. Nígbà mìíràn, méjì nínú wọn ni wọ́n jọ tẹ̀ jáde lábẹ́ nọ́ńbà ọjà kan ṣoṣo. Èmi àti ìwọ lè ra àwo kan náà ní ìṣọ̀ kan náà, kí fèrè tèmi má rìn bí ti fèrè tìrẹ.

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn, ẹ mọ ohun tí ó sọ sí mi lọ́kàn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọdọọdún ni mo ń kọ́ni pé kò sí ìjálá kan tí ó jẹ́ òun gan-an, pé ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ọlọ́jálá bá la ẹnu ni ìjálá tuntun, pé àwa tí a tẹ ọ̀kan sínú ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn yòókù. Mo ti rò pé àwo orin ni ọ̀tá ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ó sọ ohùn di òkúta. Nínú òkúta náà ni mo ti wá rí nọ́ńbà kékeré tí ó ń jẹ́rìí pé wọ́n ti kọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

Inú ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ìwé ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń kọ nọ́ńbà sí. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìwé Brian Rust ti jáde. Òun àti Edward Walker tẹ àkójọ kan jáde ní 1973. Ní 1987, òun àti Sandy Forbes tẹ èyí tí ó kún jù lọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 1911 títí dé 1945. Ìwé náà kò dùn ún kà, kò sí gbólóhùn gidi kan nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́, ọjọ́ ìgbohùnsílẹ̀, àwọn tí ó lu ìlù, àwọn tí ó fun fèrè, àwọn tí ó kọrin. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Nípasẹ̀ ìwé yìí ni Bowlly fi gba orúkọ rẹ̀ padà lórí ọgọ́rọ̀ àwo, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí òkìkí wọn kò kàn tó tirẹ̀.

Ẹni kan wà tí ìwé kò lè gbà padà tán. Ken Johnson, ọmọ Guyana, ni mo ń sọ. Georgetown ni wọ́n ti bí i ní 1914, wọ́n rán an wá sí ilé-ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di oníjó àti olórí eléré. Ní 1936, òun àti Leslie Thompson, afunfèrè ará Jàmáíkà, kó ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú jọ. Ìgbà kan ni èyí tí àwọn ilé ijó tí kò gba aláwọ̀ dúdú láàyè láti jókòó pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí ó dúró lórí pèpéle. Nígbà tí ogun dé, Café de Paris ni ẹgbẹ́ Johnson ti ń ṣeré. Abẹ́ ilẹ̀ ni ilé ijó náà wà, àwọn ènìyàn sì gbà pé kò sí ewu níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 1941, bọ́ǹbù Jámánì wọlé bá wọn. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tí ó kú. Johnson kú, ẹni ọdún 26 ni. Afunsakisofóònù rẹ̀ kan, Dave Williams, kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ní òru ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, bọ́ǹbù mìíràn pa Bowlly nínú ilé rẹ̀ ní Jermyn Street. Ó ti lọ kọrin ní High Wycombe ní ìrọ̀lẹ́, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin padà wálé sùn. Inú ibojì ọlọ́pọ̀ ènìyàn ni wọ́n sin ín sí.

Bowlly fi àwo sílẹ̀ tí a lè fi ọdún kan gbọ́. Ìwọ̀nba àwo díẹ̀ ni ẹgbẹ́ Johnson ṣe. Mo ní méjì. Mo máa ń gbọ́ wọn pẹ̀lú ìbínú díẹ̀, nítorí a gbọ́ pé wọn kì í tíì ta orin ijó wọn ní ìdajì ohun tí wọ́n lè ṣe, a kò sì ní ohun tí a óò fi wá ìdajì yòókù.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ohun tí mo kó jọ ni ó dára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ pàǹtí, orin apanilẹ́rìn-ín tí kò pa ènìyàn lẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn kan sì wà tí wọ́n fi àwa aláwọ̀ dúdú ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Mo ní irú wọn. N kò sọ wọ́n nù, n kò sì í lò wọ́n fún àlejò. Bákan náà ni n kò bá àwọn tí wọ́n sọ orin yìí di orin òkú ṣe. Láti ìgbà tí Stanley Kubrick ti fi Midnight, the Stars and You, tí Noble àti Bowlly ṣe ní 1934, parí fíìmù The Shining ní 1980, àwọn ọ̀dọ́ kò mọ ohùn Bowlly sí nǹkan mìíràn ju ohùn iwin lọ. Láàrin 2016 sí 2019, olórin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ The Caretaker lo irú àwo bẹ́ẹ̀ láti fi ṣe àpẹẹrẹ ọpọlọ tí ń gbàgbé. Iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n nínú, ó sì bà mí lọ́kàn jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jó sí orin yìí kì í ṣe iwin. Bàtà ń fún wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń ronú bí wọn yóò ṣe rí ọkọ̀ délé.

Mo wá dé ibi tí n kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ pé àpótí méjì ni ó wà lábẹ́ ibùsùn bàbá mi àgbà. Nígbà tí mo gba oyè mi tí mo padà sílé ní 1999, mo lọ sí Abẹ́òkúta, mo fa àwọn àpótí náà jáde nínú iyàrá ẹrù. Mo ní àdàkọ díẹ̀ nínú ìwé Rust lọ́wọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń yẹ àwo Gẹ̀ẹ́sì wò níkọ̀ọ̀kan, mo ń wo nọ́ńbà wọn nínú ìwé, inú mi ń dùn bí ọmọdé. Mo kó gbogbo rẹ̀, àwo 21. Mo ṣí àpótí kejì. Àwo Yorùbá ni, àwọn kan kò ní àpò mọ́. N kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tí ó sọ ohun tí wọ́n jẹ́ fún mi. Mo wo méjì tàbí mẹ́ta, mo pa àpótí náà dé, mo ní n óò padà wá kó wọn. Ní 2001, ẹbí ta ilé náà. Nígbà tí mo gbọ́ tí mo sáré débẹ̀, wọ́n ti palẹ̀ iyàrá ẹrù mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ sọ fún mi pé àwọn ọmọ àdúgbò ti kó àwọn àwo náà, wọ́n ń jù wọ́n láti orí àpáta kí wọ́n lè wo bí wọ́n ṣe ń fò.

Èmi ni. Ọ̀mọ̀wé lítíréṣọ̀ Yorùbá ni mí nígbà náà. Mo kó ohun tí ìwé dárúkọ, mo fi ohun tí ìwé kò dárúkọ sílẹ̀. Ẹ má sì rò pé ọmọ ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn àpótí méjèèjì. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, ti kọ orin ẹ̀mí Yorùbá tí ó lé ní ogójì sínú àwo Zonophone ní ọdún 1922. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni Zonophone ni ó ni HMV, tí ó ni ajá inú àfọ́kù yìí. Nígbà tí Túndé King gbé jùjú sínú àwo ní 1936, Parlophone ni ó ṣe é fún, Parlophone kan náà tí Nat Gonella àti Harry Roy ń kọrin ijó fún ní Lọ́ńdọ̀nù. Oje kòkòrò kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan jókòó ti àwọn ti èkíní pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀. Mo rántí pé mo rí àwo Zonophone nínú àpótí bàbá. N kò rántí orin tí ó wà nínú rẹ̀, n kò sì wo nọ́ńbà.

Láti 2003 ni mo ti ní ìwé àkọsílẹ̀ tèmi. Àwo Yorùbá 112 ni mo ti kọ sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe tèmi, ilé onílé ni mo ti rí wọn. Mo ń kọ orúkọ ilé-iṣẹ́, mo ń kọ nọ́ńbà méjèèjì, mo sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà pé ta ni ó lu ìyá ìlù, ta ni ó ń gberin. Orúkọ olórí nìkan ni bébà sábà máa ń sọ. Ní ìgbà mẹ́rin péré ni mo tíì rí ìdáhùn tí mo lè gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹ bá ní àwo nílé, tàbí bí ẹ bá mọ ẹbí tí ó ní in, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e wá fún mi. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbi tí ó wà, ẹ kàn pè mí kí n wá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kà á fún mi lórí fóònù bí ọ̀nà bá jìn. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ óò rí i ní ẹ̀gbẹ́ bébà.

Mo ṣèlérí fún Olórí Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ pé n kò ní jẹ gbogbo àkókò yín. Giramafóònù tí ẹ ń wò yìí kì í ṣe ti bàbá mi, ti awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni; òun ni ó fi sílẹ̀ fún mi nígbà tí ó kú. Àwo tí mo fi pọ́n-ùn kan rà ni ó wà lórí rẹ̀. Mo ti fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i. Kí àwọn tí ó wà nítòsí fáàǹù bá mi pa á, nítorí ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀pà yíyan, ẹ óò gbọ́ àwọn eléré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin orin lẹ́ẹ̀kan. Akọrin kò ní tètè dé. Ẹ ní sùúrù fún un.